Ìdúpẹ́ Ọkùnrin tí Ó Já láti Òfúrufú

Owó tí Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ ọmọ mi, fi ra bàtà lóṣù tó kọjá, díẹ̀ ló kù kó tó owó bàálù láti ibí dé Èkó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Barking yìí kan náà, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, baálé ilé máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, yóò sì tún dúró de kí àjọ kàn án, kó tó lè dárúkọ tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lójú ìyàwó rẹ̀. Ẹja díndín pẹ̀lú ànàmọ́, èyí tí wọ́n ń dì sínú ìwé ìròyìn nígbà náà, kọ́bọ̀ díẹ̀ ni, èmi àti Bàámi á jẹ ẹ́ yó. Lónìí, bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù ẹja tó wà nítòsí ilé mi, mo máa ń wo iye tí wọ́n kọ sára ògiri lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tí ojú ń tàn jẹ. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ mọ́ ìgbà àtijọ́. Iṣu tó kún ọjà Barking lónìí bí igi ìdáná, kò sí iye owó tí a lè fi rí i nígbà náà. Ìyẹ̀fun ànàmọ́ inú páálí ni Màámi ń rò mọ́ ìyẹ̀fun ìrẹsì, a sì ń pè é ní iyán láìrẹ́rìn-ín, a ń fi ọbẹ̀ gbé e mì kí ahọ́n má baà mọ̀.

Mọ́rẹ́nikẹ́ wọ bàtà náà wá jókòó tì mí ní ọ̀sán Sátidé kan, fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní kí wọ́n kọ nǹkan ní ilé ìwé nípa àwọn ènìyàn dúdú tó ja Ogun Àgbáyé Kejì. Ó fi àwòrán kan hàn mí: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú ará Amẹ́ríkà, fìlà awọ lórí wọn, wọ́n fara ti bàálù ogun bí ẹni tó fara ti ògiri ilé bàbá wọn. Ó ní, “Gráńpà, ẹ wò ó, wọ́n fáìn o! Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn dúdú wa bàálù ogun nígbà yẹn?” Mo ní mo mọ ọ̀kan nínú wọn, pé ilé kan náà ni a jọ gbé, pé èmi ni mo máa ń fọ kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀. Ó wò mí bí a ti ń wo àgbàlagbà tó fẹ́ ṣìnà lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. “Gráńpà, sìríọ́sì?” Mo ní kó gbé àga sún mọ́ mi. Ohun tí mo sọ fún un ní ọjọ́ náà kò tó ìdajì rẹ̀, nítorí wọ́n pè é lórí fóònù. Gbogbo rẹ̀ nìyí.

Ilé náà kò jìnnà sí àwókù ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn àtijọ́ tí gbogbo Barking mọ̀. Ilé bíríkì gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ilé ìdáná kan ṣoṣo fún gbogbo wa. Àwa wà ní yàrá méjì ní ìsàlẹ̀: Bàámi, Màámi, èmi àti Bọ́lá àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Àǹtí Rẹ̀mí, ìbátan Màámi tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wà ní yàrá ẹ̀yìn lókè. Kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa. Páìpù ló máa ń kọ́kọ́ jí: bí ẹnìkan bá ṣí omi lókè, gbogbo ògiri á máa kùn bí arúgbó tí wọ́n dá oorun mọ́ lójú. Lẹ́yìn náà ni maṣíìnì ìránṣọ Màámi á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, nítorí ó ń rán ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì fún ilé-iṣẹ́ kan. Rélùwéè á kọjá, abọ́ á mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mítà gáàsì á pariwo pé ṣílè òun ti tán, Màámi á sì bú u bí ẹni ń bú ọmọ wọ̀bìà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n lọ ra kẹrosíìnì ní ẹ̀bá ọ̀nà, kí n da eérú nù, kí n sì fọ kọ́ọ̀pù gbogbo ilé. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti wá, lọ́wọ́ Màmá tó bí Màámi. Òun ló tọ́ mi títí àwọn òbí mi fi ránṣẹ́ pè mí. Bí mo bá jókòó nínú òtútù ilé ìdáná yẹn tí mo ń fọ kọ́ọ̀pù, ohùn Màmá tó ń fi orúkọ pè mí ni mo máa ń gbọ́: “Dúró, abèèrè kì í ṣìnà.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbà gbọ́ jù nínú gbogbo ohun tí ó kọ́ mi, òun náà ló sì ń kó bá mi jù.

Ilé-iṣẹ́ mọ́tò ní Dagenham ni Bàámi ti mú ọkùnrin náà wá. Àwọn méjèèjì jọ ń so ilẹ̀kùn mọ́ mọ́tò níbẹ̀, Bàámi sì ń ka ìwé òfin lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Yàrá iwájú lókè ṣófo, ọkùnrin náà sì ń wá ibi tí wọn kò ti ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ó ga, ó dúdú, irun funfun díẹ̀ ti wà ní ẹ̀bátí rẹ̀. Ẹ́lìs ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe àgbà lórúkọ nílé wa? Kí ó tó tú ẹrù tán, Màámi ti sọ ọ́ ní Bọ̀ọ̀dá Amẹ́ríkà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo pàdé rẹ̀ ní ìdí àtẹ̀gùn, mo sì na gbalaja sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ọkùnrin náà ju búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ nù, ó fi apá méjèèjì gbé mi dìde, ó ń wo orúnkún mi bóyá ó ti bó. Nígbà tó di ọ̀sán mo tún rí i, mo tún dọ̀bálẹ̀. Ó lọ bá Bàámi ní ìkọ̀kọ̀, ó ní ọmọ rẹ ní àìsàn kan tó ń gbé e ṣubú, ó yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Màámi rẹ́rìn-ín títí owú fi yọ jáde lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ ni Àǹtí Rẹ̀mí fi ń kí mi pé, “Aláìsàn, ṣé ara ti ń le?”

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nípa Bọ̀ọ̀dá Amẹ́ríkà pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ fún mi lọ. Bí bàálù bá ń kọjá lókè, yóò dá ọwọ́ dúró, ìbáà jẹ́ pé ó ti fi ṣíbí kan ẹnu. Kì í wo òkè, etí ló máa fi ń tọ̀ ọ́ lọ, yóò sì sọ irú ẹ́ńjìnnì tó gbé e àti bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀. Lára ilẹ̀kùn rẹ̀, tí gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá, ó lẹ àwòrán bàálù kékeré kan tí ìrù rẹ̀ pupa mọ́ ọn. Mo bi Màámi. Ó ní, “Ohun tí àgbà kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ọmọdé kì í fà á jáde.” Mo bi Bàámi. Bàámi fẹ́ràn kí a máa bi òun léèrè, ó sì sọ fún mi pé ọkùnrin yìí wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbà láyè láti wa bàálù ogun. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló ti búra pé orí ènìyàn dúdú kò lè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn wọ̀nyí gòkè lọ, wọ́n jà, wọ́n sì padà wálé láti rí i pé kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n wa bàálù èrò. Bàámi mi orí. “Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Èyí gun ojú ọ̀run, ilẹ̀kùn mọ́tò ló ń dè.” Mo wà ní yunifásítì kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn tó dùn mí. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, inú mi kàn ń dùn pé kọ́ọ̀pù ẹni tó ti fò ni mo ń fọ̀.

Ìgbà tí òtútù ń parí lọ ni ará ilé wa kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láti Èkó, tí ó wá jíṣẹ́ Màmá fún Màámi. Kò jẹun, kò bọ́ kóòtù. Ó ní, “Ìyá kò gbádùn. Wọn kò jẹun dáadáa mọ́. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ń retí yín, ṣùgbọ́n àwọn kò lè retí pẹ́.” Màámi pa maṣíìnì. N kò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé náà. Èmi pàápàá fẹ́ sọkún, ṣùgbọ́n ojú Màámi gbẹ, mo sì ń wò ó kí n lè mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àjọ kan Bàámi. Ọkọ̀ ojú omi ni Màámi gbà wá sí Ìlú Ọba, ó sì fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì bì lójú omi. Bàámi kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ló rà. Ó gbé e lé orí maṣíìnì, Màámi fi ìka kàn án díẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ áyọ́ọ̀nù wò bóyá ó ti gbóná.

Aládùúrà ni wá. Gbọ̀ngàn kan tí ìjọ wa ń yá lò ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni a ń lọ, àwa nínú sùtánà funfun lábẹ́ kóòtù, bàtà wa á wà lẹ́nu ọ̀nà ní ìlà gígùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń rin ìrìn-àjò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí Bàbá Wòlíì gbàdúrà sí i. Bàbá Wòlíì, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn kan láàrin ọ̀sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn, jẹ́ ènìyàn kúkúrú tí ohùn rẹ̀ ga ju ara rẹ̀ lọ. Ó wá sílé wa, ó tan àbẹ́là, ó sì ka Sáàmù. Ó gbé ìwé sílẹ̀ lójijì, ó ní, “Mo rí ẹyẹ ńlá kan tó ń dán bí ṣíbí. Ìrù rẹ̀ pupa bí osùn. Ó já láti òkè, ó bọ́ sínú omi tí kò ní etí. Mo rí ọwọ́ ènìyàn dúdú kan lójú omi, ó ń jù ú, ó ń jù ú. Ìyá Dúró, ẹ ṣọ́ra fún ojú ọ̀run.” Màámi sin Wòlíì dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tí Bàámi gbé oúnjẹ síwájú ni ọ̀rọ̀ bẹ́.

“N kò gùn ún.”

“Ìyá Dúró, ọkọ̀ ojú omi yóò lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gbọ́ ohun tí Ìyá ní kí wọ́n sọ.”

“Bí mo bá bọ́ sínú òkun ńkọ́? Ṣé òkú mi ni yóò lọ kí wọn?”

“Wòlíì rí ìran. Èmi rí tíkẹ́ẹ̀tì.”

“Ó dáa. Ẹ gun tíkẹ́ẹ̀tì yín lọ.”

Àǹtí Rẹ̀mí, tó ń wá iyọ̀, sáré gbé abọ́ rẹ̀ padà sókè. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn fún ọjọ́ mélòó kan. Màámi ń gbààwẹ̀, Bàámi ń pọ́n ẹnu lá, ọjọ́ ìrìn-àjò ń sún mọ́lé, Màmá sì ń retí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọmọdé máa ń rò pé àgbà mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i kedere pé àgbà méjì lè dúró nínú yàrá kan, kí àwọn méjèèjì fẹ́ ohun kan náà, kí wọ́n má sì mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà dé ibẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni Bàbá Wòlíì padà wá láti ṣí ààwẹ̀ Màámi. Ilé ìdáná ni a wà nítorí ibẹ̀ ló móoru. Bàámi ti lọ sí ibi iṣẹ́. Wòlíì tún ìran náà sọ, Màámi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún tí mo ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá. Bọ̀ọ̀dá Amẹ́ríkà wọlé pẹ̀lú kẹ́tùlù rẹ̀, ó fẹ́ padà sẹ́yìn, ó sì rí ojú Màámi. Ó bi mí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló dé. Gẹ̀ẹ́sì Màámi kò ju ti ọjà lọ nígbà náà, èmi ni mo máa ń túmọ̀ fún un lọ́dọ̀ dókítà àti lọ́dọ̀ onílé, nítorí náà kò ṣòro fún mi. Mo túmọ̀ ìran náà fún Bọ̀ọ̀dá bó ṣe wà: ẹyẹ tó ń dán, ìrù pupa, omi, ọwọ́ tó ń jù. Ó gbé kẹ́tùlù sílẹ̀ lórí iná tí kò tàn.

Ó ní, “Bi í pé ọwọ́ mélòó.”

Wòlíì ní, “Ẹyọ kan ni mo rí.”

Bọ̀ọ̀dá Amẹ́ríkà fa àga, ó jókòó sáàrin wa, ohun tí kò ṣe rí. Ó ní apá òsì òun ti kán, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹyọ kan. Mo túmọ̀. Ó wá sọ ọ́, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì ń dúró ní ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí n lè bá a. Ó ní àwọn ti sin àwọn bàálù tó ń ju bọ́ǹbù lọ síbi iṣẹ́ wọn, àwọn ń padà bọ̀ lórí òkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ítálì. Ìbọn ti ba ẹ́ńjìnnì òun jẹ́ láìjẹ́ pé òun mọ̀. Òróró bo gíláàsì iwájú, òun kò ríran mọ́. Gbogbo bàálù ẹgbẹ́ àwọn ni wọ́n kun ìrù wọn ní pupa, òun sì rí ìrù pupa tòun tó rì sínú omi kẹ́yìn, bí ẹni ń ki ata bọnú ọbẹ̀. Ọkọ̀ rọ́bà kékeré kan ni òun jókòó sí, òun ń ju ọwọ́ kan, òun ń fọn fèrè títí ètè òun fi bẹ́. Àwọn apẹja ló gbé òun.

Màámi ti dá ẹkún dúró. Wòlíì di ojú pa fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé yóò bínú, nítorí ìran wòlíì kì í ṣe ohun tí àlejò ń gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó la ojú, ó ní, “Ẹ̀mí kò sọ ọjọ́ fún mi. Èmi ni mo fi ọjọ́ sí i.” Mo ti dàgbà, mo ti ka ìwé, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé jókòó, n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ní iyì jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu ẹni tó ṣi nǹkan mú. Ó wá kọjú sí mi. “Dúró, bi wọ́n: ta ni ó bá wọn ṣe ìdúpẹ́?”

Mo túmọ̀. Kò yé Bọ̀ọ̀dá Amẹ́ríkà. Ó ní wọ́n fún òun ní ọjọ́ díẹ̀ láti sinmi, nígbà tí apá sì jinná, wọ́n fún òun ní bàálù mìíràn.

Màámi ní, “Ọjọ́ tí wọ́n délé ńkọ́? Ìyá wọn kò pe ará àdúgbò?”

Ó ní ọjọ́ tí ọkọ̀ gbé àwọn délé lẹ́yìn ogun, ọkùnrin kan dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó ń nawọ́: aláwọ̀ funfun ní ìhà ibí, aláwọ̀ dúdú ní ìhà ọ̀hún. Ó ní òun dé ọ̀dọ̀ ìyá òun, ṣùgbọ́n inú ń bí òun débi pé òun kò lè gbé oúnjẹ mì lórí tábìlì rẹ̀. Òun kò pẹ́ níbẹ̀, òun kò sì tíì padà.

Màámi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Háà! Ó já láti ojú ọ̀run bọ́ sínú òkun, ó jáde, kò sì sí ẹni tó bá a dúpẹ́! Abájọ!” Ó dìde. “Àǹtí Rẹ̀mí, sọ̀ kalẹ̀ wá! Ẹ̀wà mélòó ló kù nílé yìí?” Wòlíì ń mi orí. Ó ní, “Ọpẹ́ tí a kò dá, ojú ọ̀nà ni í dúró sí.” Ohun tó yé àwọn méjèèjì ní ìṣẹ́jú yẹn, n kò rí ìwé kankan tó ṣàlàyé rẹ̀: pé ọpẹ́ ọkùnrin yìí ló ń rìn kiri, tó bá a wọ ilé wa, tó sì dúró sójú ọ̀nà Màámi. Wọ́n ní kí n túmọ̀ “abájọ”. Mo gbìyànjú, mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

N kò lè parí apá yìí láìsọ ohun tó máa ń rìn mí lọ́kàn. Wòlíì náà ti lọ sí balùwẹ̀ ilé wa rí, ó sì ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ara ilẹ̀kùn yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ojú rẹ̀ ti gbé ìrù pupa lọ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo náà ńkọ́? Mo kọ́ ìtàn ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa láti máa wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Mo ti wá ti ọwọ́ yẹn fún ọdún gbọọrọ, n kò rí i. Inú mi kì í bàjẹ́ sí i. Ó dára kí arúgbó ní nǹkan kan tó ṣì ń wá.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè ni a ṣe ìdúpẹ́ náà ní yàrá wa. Láti òru ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀wà ti wà nínú omi, èmi ni mo bó o títí èékánná mi fi rọ̀, Àǹtí Rẹ̀mí sì lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó fi ń lọ ẹran. Bọ̀ọ̀dá Amẹ́ríkà wọ kóòtù tó dára jù lọ, Màámi sì ní kó bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lu níbi àtàǹpàkò. Ó kúnlẹ̀ láàrin àbẹ́là, Wòlíì gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì sọ gbogbo ìtàn náà fún Ọlọ́run láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé Ọlọ́run kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ọkùnrin náà yíjú sí mi.

“Ṣé wọ́n fẹ́ kí n jó ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Níwájú gbogbo ènìyàn?”

“Ìdúpẹ́ yín ni, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń jó.”

Ó jó. Kò mọ ijó wa, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀, ó ń fi èjìká jó bí ẹni tó ń kó nǹkan kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà Màámi di àkàrà sínú ìwé, ó ní kí èmi àti Bọ̀ọ̀dá pín in fún ilé tó wà lápá ọ̀tún àti tòsì. Obìnrin òyìnbó tó wà ní ilé kejì gbóòórùn rẹ̀, ó béèrè pé ọjọ́ ìbí ta ni. Mo ní kì í ṣe ọjọ́ ìbí, pé bọ̀ọ̀dá wa ló já láti ojú ọ̀run. Ó wo Bọ̀ọ̀dá láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Yéè! Nígbà wo?” Mo ní nígbà ogun. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ó dára tí ara rẹ̀ ti yá,” ó sì jẹ àkàrà náà níbi tó dúró sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò, Bọ̀ọ̀dá Amẹ́ríkà to àga ilé ìdáná tẹ̀lé ara wọn. Ó fi Màámi sí èyí tó wà létí fèrèsé, ó fi bẹ́líìtì Bàámi dè é mọ́ ọn níkùn, ó sì jókòó síwájú. Ohùn bàálù ló fẹ́ kọ́ ọ, nítorí ó ní ohun tí ènìyàn kò mọ orúkọ rẹ̀ ló ń dẹ́rù bani. Èmi dúró láàrin wọn, mo ń túmọ̀.

“Bí wọ́n bá ti gbéra, ẹ óò gbọ́ gbì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Táyà ni wọ́n ń kó wọlé.”

Màámi ní, “Gbì: táyà.”

“Bí ariwo bá rọlẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì ń kú. Ó ti gun òkè tán, ó ń mí.”

“Ó ń mí. Bó bá ń mì ńkọ́?”

“Afẹ́fẹ́ ní kòtò bíi ti ojú ọ̀nà.”

“Bí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó,” ni Màámi wí, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìròyìn ti dé. Lẹ́yìn náà ó dáwọ́ ẹ̀rín dúró. “Dúró, bi wọ́n pé irú ohùn wo ni àwọn gbọ́ kí tàwọn tó já.”

N kò fẹ́ bi í, ṣùgbọ́n mo bi í. Bọ̀ọ̀dá Amẹ́ríkà ní, “Kò sí ohùn. Ó dákẹ́ ni.” Ó yíjú padà kí Màámi lè rí i. “Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí ariwo bá ti wà, kí ó máa sùn.” Màámi gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò, ó tú bẹ́líìtì. Ó bi í bóyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Bọ̀ọ̀dá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń to àga padà, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Màámi ní, “Sọ fún wọn pé èmi ń lọ wo tèmi.” Mo sọ ọ́. Ó ti àga tó kẹ́yìn bọ abẹ́ tábìlì.

Màámi lọ. Ó bá Màmá láàyè, ojú Màmá ṣì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Màmá bi í pé báwo ló ṣe tètè dé bẹ́ẹ̀, ó ní ọkùnrin kan ló kọ́ òun ní èdè bàálù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, Màmá sì kú sọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó sọ fún wa pé obìnrin kan ń pariwo Jésù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun nínú bàálù, òun sì di ọwọ́ rẹ̀ mú: “Gbì nì yẹn, táyà ni.” Nígbà tó padà dé Barking, yàrá iwájú lókè ti ṣófo. Bọ̀ọ̀dá Amẹ́ríkà ti sọ fún Bàámi ní ibi iṣẹ́ pé òun ń lọ wo ìyá òun, pé èrò ni òun yóò jẹ́ nínú bàálù, òun yóò jókòó sẹ́yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó bi mí ohun tí a máa ń sọ ní èdè wa bí a bá wọlé bá ìyá wa lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. Mo ní, “Ẹ kú ilé o, Màámi.” Ó ń wí i bó ṣe ń gbé àpótí sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń ṣì í wí, mo ń tún un ṣe, títí tí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Mo wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé nígbà tí mo wà ní yunifásítì. N kò rí i, bóyá nítorí pé àwọn tó gba oyè ńlá ni ìwé máa ń dárúkọ, bóyá nítorí pé orúkọ àbísọ rẹ̀ kọ́ ni a mọ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ ti wá a lórí fóònù rẹ̀, òun náà kò rí i. Màmá ló kọ́kọ́ lọ. Bàbá Wòlíì tẹ̀lé e, wọ́n ní àárín orin ló wà. Bàámi di lọ́yà, ó ṣe é fún ìwọ̀nba ọdún, ó lọ. Màámi pẹ́, ó rí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, òun náà ti lọ. Àwọn tó wà láàyè nìyí: Àǹtí Rẹ̀mí, ní ilé àwọn arúgbó ní Rush Green, tó ń fi orúkọ Bàámi pè mí, Bọ́lá àbúrò mi, ní Castle Green, tó ní òun kò rántí nǹkan kan, èmi, àti Bọ̀ọ̀dá Amẹ́ríkà, títí ẹnìkan yóò fi wá sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀.